Owó ọbẹ̀ ò tó nǹkan, ara sì ń fẹ́ oúnjẹ gidi: ẹ̀yin ará Èkó, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Bàríga (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gbé mi débí.

Àwa márùn-ún la wà nílé: èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 7, àti ìyá ọkọ mi. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Owó oṣù ọkọ mi ò kọjá ₦85,000, iye tí ìjọba Èkó fi lélẹ̀ ní 2024 fún òṣìṣẹ́ wọn tó kéré jù. Tá a bá yọ owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó iléèwé, tí mo wá fi tèmi kún un, ₦20,000 ló ń kù fún oúnjẹ lọ́sẹ̀. Owó gáàsì wà nínú ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ń ru. Wọ́n fa ìpéǹpéjú Kẹ́hìndé wálẹ̀ wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó. Nọ́ọ̀sì ní ká dín iyọ̀ àti magí kù, ká máa jẹ ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀wà dáadáa. Bá a ṣe ń bọ̀, mo yà sí ilé ìtajà ńlá kan. Mo wo óòtì, mo wo búrẹ́dì aláwọ̀ pupa tí wọ́n ní ó dáa fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Mo gbé ápù méjì dání, mo béèrè iye ẹ̀, mo rọra dá a padà síbi tí mo ti mú un. Owó ápù méjì yẹn ju ìdajì owó ọbẹ̀ mi fún ọjọ́ kan lọ. Kẹ́hìndé ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ojú tó fi wò mí yẹn ò kúrò lọ́kàn mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tá à ń jẹ nìyí: àárọ̀, búrẹ́dì pẹ̀lú tíì. Ọ̀sán, gààrí. Alẹ́, ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátì alágolo, àbí índómì fáwọn ọmọ. Ìyá kan tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wa ni mo ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ ẹ̀ ní kọ́ọ̀pù kọ́ọ̀pù, tí mo sì ń ra òróró inú láílọ́ọ̀nù lójoojúmọ́.

Ṣé olówó nìkan ló lè jẹ oúnjẹ tó ń ṣara lóore ni? Ẹni tó bá ń rọ́gbọ́n dá sí i láàárín yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ná an gan-an fún mi.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Oyíngbò (Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Èjìrẹ́ á dàgbà, wọ́n á gbó, wọ́n á tọ́. Ẹ gbàgbé ápù jàre. Ilẹ̀ ibòmíràn ló ti hù, ẹ ò sì jẹ̀bi nǹkan kan tẹ́ ẹ dá a padà.

Ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ mi, ibi tí mo mọ̀ ni màá ti sọ̀rọ̀. Ẹ má wá rà á láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá lè fara dà á. Tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, owó tí mo fi ta ìdì kan láàárọ̀, mo lè fi ta méjì fún yín, torí tí ẹ̀fọ́ bá sùn mọ́ mi lọ́wọ́, ó rọ nìyẹn, ewúrẹ́ ló máa jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ẹ̀fọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tèmi nìkan.

Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó. Ẹ má wo orí ẹ̀. A máa ń wọ́n omi sórí ẹ̀fọ́ kó lè máa dán, kò sí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí kì í ṣe é. Ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí wò, níbi tí wọ́n ti gé e. Tó bá ti dúdú, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ fa igi kan yọ nínú ìdì yẹn, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Tó bá dún pọ́ọ́, tuntun ni. Tó bá kàn tẹ̀ kọrọdọ láì dún, ẹ kí i, kẹ́ ẹ bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má fọ̀ ọ́ tó bá jẹ́ ọ̀la lẹ máa sè é. Ẹ ki ìdí ẹ̀ bọ inú abọ́ olómi díẹ̀, bí ìgbà téèyàn gbé òdòdó kalẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ bo orí ẹ̀. Á jí ní ọ̀la.

Ohun kan tó ń dùn mí ni bá a ṣe ń sè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gé ẹ̀fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tán ká tó fọ̀ ọ́, a ó tún bọ̀ ọ́, a ó fún un títí omi ẹ̀ á fi tán. Omi aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ ń dà sí gọ́tà yẹn, oore ẹ̀fọ́ ló ń bá a lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ ní odindi kẹ́ ẹ tó fọ̀bẹ kàn án. Tẹ̀tẹ̀ tí kò gbó, ẹ dà á sínú ata tó ti jiná, ẹ rò ó pọ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣọkọ ló lè gba kẹ́ ẹ bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Gbúre ní tiẹ̀, ẹ má tiẹ̀ rà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: igi ẹ̀ tó bá kù, ẹ tì í bọ yẹ̀pẹ̀ nínú ike ọ̀dà tó ti fọ́, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn ń dé. Ẹ ó máa já a ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà (Ọjọ́ Ajé, 11:02 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Yàrá kan ni mò ń gbé, mi ò ní fíríìjì, ẹ̀wà ló gbé mi ró dé ọdún kẹta yìí. Tẹ́ ẹ bá wọn ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100, èròjà amúaradàgbà inú ẹ̀ lé ní gíráàmù 20. Ẹyin kan ní bíi 6. Mi ò bá ẹyin jà o, mò ń jẹ ẹ́, àmọ́ kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí mo fi di ẹlẹ́wà.

Gáàsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún. Ohun tí mò ń ṣe: mo ń rẹ ẹ́ mọ́jú, mo ń da omi yẹn nù (inú kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ́ tí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀), mo ń bu omi tuntun, mo ń jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, mo ń pa iná. Mo ń dé e pa, mo ń fi aṣọ ìnura tó nípọn méjì wé ìkòkò náà, mo ń fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ooru ara ẹ̀ ń sè é lọ. Tí mo bá tún dáná sí i, kò ní pẹ́ rárá tó fi máa rọ̀. Sìlíńdà mi kékeré tó ń tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti ń pé oṣù kan báyìí.

Nọ́ọ̀sì, Sùúrùlérè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Mà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè lọ yẹ ara wò. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó rí yín, nítorí náà ohun tí wọ́n bá sọ fún yín níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú. Mo kàn fẹ́ là á díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti bàbá àwọn ìbejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ ò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí ìmutíì kan. Gbogbo iyọ̀ la ń kà o: èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ bù sọ́bẹ̀, èyí tó wà nínú magí, èyí tó wà nínú búrẹ́dì, àti èyí tó wà nínú láílọ́ọ̀nù kékeré tí wọ́n ń tú sórí índómì. Tẹ́ ẹ bá yọ magí lẹ́ẹ̀kan náà, ọbẹ̀ á tẹ́, wọn ò ní jẹ ẹ́, ẹ ó sì padà sídìí ẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́rin lẹ ń lò, ẹ lo mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ lo méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi irú, edé lílọ̀, àlùbọ́sà àti ata rodo dí àyè ẹ̀. Irú tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí, ẹ ṣàn án lómi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi káún sí ẹ̀wà tàbí ewédú bàbá, torí ohun tá à ń sá fún nínú iyọ̀ wà nínú káún náà, ó sì tún ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́.

Ti Kẹ́hìndé. Èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, tí wọ́n ń pè ní áyọ́ọ̀nù, wà nínú ẹdọ̀, ẹja, edé, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ti ẹran àti ẹja ń tètè wọ ara. Ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń fẹ́ ẹni tó máa tì í wọlé, ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ bó ọsàn kan, kẹ́ ẹ pín in fún àwọn ìbejì lẹ́yìn ẹ̀wà. Ẹ wá mú tíì kúrò nídìí oúnjẹ ọmọ. Tíì máa ń di èròjà yẹn mú, tí ara ò fi ní rí i lò. Tó bá máa mu ún, ó kéré tán kó tó wákàtí kan sígbà tó jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í dín kù nítorí oúnjẹ nìkan. Aràn ń fà á, ibà ń fà á. Ẹ béèrè oògùn aràn tẹ́ ẹ bá padà lọ. Oògùn tí wọ́n bá kọ fún òun àti bàbá ẹ̀, kí wọ́n lò ó bó ṣe yẹ. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ wa níbí kó wá ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù nítorí pé ó ti ń jẹ ẹ̀fọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán)

Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti òróró tẹ́ ẹ sọ ni mo gbá mú: kọ́ọ̀pù kọ́ọ̀pù, láílọ́ọ̀nù láílọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ lowó yín ń gbà jò. Ìyá ẹnu ọ̀nà ò ṣe ibi, òun náà ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ jèrè. Àwa tálákà la máa ń ra nǹkan wọ́n jù, torí owó wa kì í pé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tá a ṣe nílé wa ní Ìdúmàgbò nìyí. Àwa mẹ́fà la kó ara wa jọ. Ojoojúmọ́, ₦500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, a ń dá a sọ́wọ́ ìyá àgbà kan nínú ilé tí gbogbo wa fọkàn tán. Tó bá pé oṣù, ₦90,000 nìyẹn. Ẹni méjì á lọ sí ọjà Dàlẹ̀kọ, wọ́n á ra àbọ̀ àpò ẹ̀wà. Tí owó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á fi ra epo pupa jálá kan àbí méjì. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó lè jẹ́ ìrẹsì. Nígbà tá a wọ̀n ẹ̀wà yẹn, ó lé ní kóńgò márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àǹfààní tá a rí níbẹ̀ sì ju kóńgò kan lọ tá a bá fi wé kọ́ọ̀pù ẹnu ọ̀nà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, pípín ẹ̀ ló ń da àárín èèyàn rú. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a pín in, ìjà ni. Ẹni tó ń wọ̀n gbọn kóńgò títí tó fi kì mọ́ra nígbà tó kan tiẹ̀, ó sì bù ú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún àwa yòókù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi àti ẹ̀ ò fi kíra. Ìyá àgbà ló wá fi òfin lélẹ̀: ẹni tó bá wọ̀n ló máa mú tiẹ̀ kẹ́yìn. Báyìí, a ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń da ẹ̀wà síbẹ̀, ẹni tó ń wọ̀n á pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, á fi rúlà ọmọ iléèwé gé orí kóńgò kó tẹ́jú. Àwa márùn-ún á mú èyí tó wù wá. Èyí tó bá kù ni tiẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe máa ń gún régé!

Ẹ mú kóńgò tiyín dání lọ sọ́jà. Kóńgò mìíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó dá nǹkan sí i. Ẹ gbóòórùn ẹ̀wà náà pẹ̀lú. NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà fún àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà. Èyí tó bá ń rùn bí oògùn, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́n tó. Kòkòrò méjì mẹ́ta nínú ẹ̀wà ò bà mí lẹ́rù. Mo máa ń sá a sóòrùn, màá kì í sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, màá fi ata gbígbẹ sí i, màá wá dé e pa pinpin.

Dẹ́rẹ́bà, Ọbáléńdé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:55 alẹ́)

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí dáa, àmọ́ ẹni tó bá rójú wà nílé ló lè ṣe é. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde, ọ̀nà Ajáh ni mò ń ná títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìta ni mo ti ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ tèmi náà sì ru lọ́dún tó kọjá.

Ohun tí mo ṣe kò ní ìnáwó tuntun kankan nínú. Ìrẹsì méjì, ẹ̀wà kan ni mo máa ń ní kí ìyá olóúnjẹ bù fún mi. Mo yí i padà sí ẹ̀wà méjì, ìrẹsì kan. Mo ní kó má da omi ọbẹ̀ kún un, kó fún mi ní ẹ̀fọ́. Iye kan náà ni. Mínírà tí mo máa ń mu lọ́sàn-án, mo fi sílẹ̀. Wọ́n ṣírò ẹ̀ fún mi nílé ìwòsàn pé ike kan tó gba 50cl nínú ọ̀pọ̀ wọn, ṣúgà tó wà níbẹ̀ lé ní ṣíbí ìmutíì mẹ́wàá. Owó ẹ̀ ni mo fi ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹpa báyìí. Ìyá Ìbejì, ẹ bi ọkọ yín léèrè ohun tó ń jẹ níbi iṣẹ́. Ẹ lè máa dín iyọ̀ nílé, kó máa jẹ ẹ́ padà níta.

Ìyá Ìbejì, Bàríga (Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n dẹ́rẹ́bà, mo bi í lálẹ́ àná. Índómì alẹ́yin méjì pẹ̀lú mínírà ló ń jẹ lójoojúmọ́ níwájú ọ́fíìsì wọn. Mi ò mọ̀ rí o, ọdún mẹ́sàn-án tá a ti fẹ́ra! Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ìṣòro tó kù: àwọn ọmọ ò fẹ́ràn ẹ̀wà, wọ́n ń ṣà á sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ẹran náà ńkọ́? Pọ̀nmọ́ ni mo ń fi dí i.

Ẹlẹ́ja Mákòókò (Ọjọ́rú, 8:45 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti pọ̀nmọ́, torí owó ń bá a lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mo ń jẹ ẹ́ nínú ẹ̀fọ́ rírò. Àmọ́ ẹ má kà á mọ́ oúnjẹ tó ń kọ́ ara ọmọ. Awọ ni. Kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹja ń ṣe, kò sì ní fún Kẹ́hìndé lẹ́jẹ̀.

Ẹ ra ṣáwá. Ó wà lára àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n nínú ẹja yìnyín, ọ̀rá ara ẹ̀ sì dáa fún ọkàn, èyí tẹ́ ẹ̀ ń wá fún bàbá. Títùs dáa bákan náà, ìyẹn tí àwọn ará òkè ń pè ní òkú Èkó, àmọ́ owó ẹ̀ ti lọ sókè. Tẹ́ ẹ bá lè rí ẹni méjì mẹ́ta, ẹ jọ ra àbọ̀ kátọ́ọ̀nù níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja yìnyín ní Ìjọ́ra, kẹ́ ẹ pín in. Ojú ẹja ni kẹ́ ẹ wò, kó yọ síta, kó mọ́. Kẹ́ ẹ ṣí ìjàgbá ẹ̀: pupa ni kó jẹ́, kó má ṣe dà bí eérú. Ẹja tí ikùn ẹ̀ ti bẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti jẹ́ kó yọ́ tán kí wọ́n tó tún mú un dì.

Egungun ṣáwá ló ń lé èèyàn sá. Ohun tí ìyá mi ń ṣe ni mò ń ṣe dòní: ó máa ń yan án lórí ẹ̀yinná títí á fi gbẹ kanrinkanrin. A ó wá gún un tegungun-tegungun, a ó jọ̀ ọ́, yóò di ìyẹ̀fun. Ẹ bu ṣíbí kan sí mọ́ínmọ́ín ọmọ, sí ọbẹ̀, sí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà ní ẹ̀gbẹ́ abọ́ yẹn. Eegun náà ń fún eegun ọmọ lágbára. Wọn ò ní mọ̀ pé ẹja wà níbẹ̀, òórùn ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gbọ́.

Màmá Àgbà, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta (Ọjọ́rú, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó kọ ẹ̀wà, ẹ má bá a jà, ẹ yí aṣọ ẹ̀ padà. Ẹ bó ẹ̀wà, ẹ se gbẹ̀gìrì, kẹ́ ẹ bù ú pọ̀ mọ́ ewédú lórí àmàlà. Mi ò tíì rí ọmọ tó ń ṣa gbẹ̀gìrì. Tàbí kẹ́ ẹ pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé eéran, kẹ́ ẹ fi ẹja gígún yẹn sí i, kí wọ́n fi jẹ ẹ̀kọ tútù. Àárọ̀ nìyẹn, dípò búrẹ́dì.

Óòtì tẹ́ ẹ rí lórí pẹpẹ, ògì bàbà ló yẹ kẹ́ ẹ fi wé e. Ẹ ra ọkà bàbà, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lágbára fọ́mọ, ẹ se sóyà kó jiná dáadáa, ẹ bó o, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ máa bù ú sí ògì tó bá ń hó. Ẹ má fi sóyà tútù ṣeré, inú ló máa run wọ́n.

Ẹ sì tún rántí pé kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ ló ń fẹ́ tòmátì. Nígbà tí tòmátì bá wọ́n, ṣe làwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń dúró bíi pé ọbẹ̀ ti tán láyé. Ilá, ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ elépo, èwo ló bẹ tòmátì lọ́wẹ̀ nínú wọn?

Eléso Kétu (Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́)

Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Mo wà nítòsí Máìlì 12, mo ń rí i lọ́dọọdún. Tòmátì máa ń pọ̀ látòkè ọya láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n bí òjò bá ti ń dé. Ní 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko wọn ní Kàdúná, àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Ẹ̀bólà tòmátì, agbọ̀n kan sì di nǹkan tí ojú ò rí rí. Ìgbà tó bá pọ̀ ni kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sè é títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi òróró díẹ̀ dín in. Nínú ìgò tó mọ́, tó gbẹ, pẹ̀lú òróró lórí ẹ̀ nínú fíríìjì, ó ń lo bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ní fírísà lè tọ́jú ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èso náà, ẹ bá ìgbà rìn. Àgbálùmọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 12, máńgòrò ń tẹ̀ lé e láti oṣù kẹta. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà yíká ọdún. Ẹ béèrè èyí tó ti họ lára níbi kan, a máa ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ò sì ní ta á wọ́n. Ẹ gé ibi tó họ kúrò, ẹ jẹ èyí tó kù lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú lára, tí ọrùn ẹ̀ ṣì tutù, tó sì le nínú, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní kábáàdì ni wọ́n sábà máa ń fi mú un pọ́n. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà (Ọjọ́bọ̀, 12:15 ọ̀sán)

Ẹ tún fetí sílẹ̀ fún ọjà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 tí wọ́n pè ní Oúnjẹ Èkó. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ná an nígbà náà, wọ́n sì yọ ìdá 25 nínú 100 kúrò lára owó nǹkan. Èrò pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn, àárọ̀ kùtù ló yẹ kéèyàn dé. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n tún ń ná an nítòsí yín, ẹ sọ fún wa níbí.

Ìyá Ìbejì, Bàríga (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀, torí ẹ ò dá mi dá a.

Mo rí obìnrin mẹ́rin kó jọ nínú ilé wa. ₦500 yẹn nira lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní pa irọ́. Búrẹ́dì àti tíì àárọ̀ ni mo yọ, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la lọ sí Dàlẹ̀kọ, owó wa ò tó àbọ̀ àpò, a ra ìdá mẹ́rin, wọ́n sì wọ̀n ọ́n fún wa. Èmi ni mo pín in, èmi ni mo mú kẹ́yìn! Kò sẹ́ni tó bínú.

Ẹ̀fọ́, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń rà á báyìí, mo sì ń ṣẹ́ igi ẹ̀. Ìyá tí mo kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ lójú ẹ̀ wò mí títí, ó wá fa ìdì mìíràn yọ lábẹ́ tábìlì fún mi. Gbúre mi ti ń yọ ewé nínú ike ọ̀dà.

Sóyà ò bọ́ sí i. Màmá ọkọ mi ní òórùn ẹ̀ ń rìn òun nínú, Táíwò náà sì bì í. Màá tún gbìyànjú ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣáwá gígún ló gba gbogbo wa là. Mo bù ú sínú mọ́ínmọ́ín, àwọn ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n lá ewé. Kẹ́hìndé bi mí pé ṣé ọ̀la náà la tún máa jẹ ẹ́.

Ọkọ mi ti fi índómì ọ̀sán sílẹ̀, abọ́ oníderí ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Magí ti di ẹyọ kan nínú ìkòkò ọbẹ̀, ó ṣì ń sọ pé ọbẹ̀ náà fúyẹ́ lẹ́nu, àmọ́ ó ń jẹ ẹ́ tán, ó sì ń lo oògùn ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà síbẹ̀ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n sì tún gba ti Kẹ́hìndé wò. Wọ́n ti fún un ní oògùn aràn.

Oṣù tuntun yìí, a fẹ́ kí owó wa pé àbọ̀ àpò. Àwa márùn-ún la wà, ẹnì kan ló kù. Ẹni tó bá wà nítòsí Bàríga, tó lè dá ₦500 lójúmọ́ láì fà á sẹ́yìn, kó kàn sí wa níbí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà (Ọjọ́ Àìkú, 5:31 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kọ mí mọ́ ọn, mà. Mo lè bá yín gbé e látọjà. Kóńgò mi wà lọ́wọ́, ìdí ẹ̀ ò wọnú.